Kóòdù Dà?

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjòyè, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, àti Ayékòótọ́ tó ń ṣọ́ ilé owó orí fóònù.

Ẹ rántí ìrìn àjò ọ̀run tí Ìjàpá bá àwọn ẹyẹ lọ, tó yá ìyẹ́ lọ́wọ́ wọn, tó ní òun ti sọ ara òun ní Gbogbo Yín. Oúnjẹ tí wọ́n ní ó jẹ́ ti gbogbo yín, òun nìkan ló jẹ ẹ́ tán. N kò ní í pa ìyẹn lónìí, kò sí ilé tí wọn kò ti pa á. Èyí tí àwọn bàbá wa kò fi kún un ni pé láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbéra, Ìjàpá ya fọ́tò, ó fi ṣí àkáǹtì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí àwo tánńganran nígbà náà. Orúkọ tuntun náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn lẹ́nu rẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ síbẹ̀: Gbogbo Yín.

Ọdún ń gorí ọdún. Yánníbo ń ta èlùbọ́, àwọn oníbàárà ń sanwó sínú àkáǹtì yẹn. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, torí ẹ lè má gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ nínú àlọ́ Ìjàpá: owó náà mọ́. Kò jí i, kò fi ẹ̀tàn gbà á. Ó tilẹ̀ mọ́ débi pé nígbà tí Ẹlẹ́dẹ̀ wá sin gbèsè, Ìjàpá ní òun kò lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ san gbèsè. Ó pa fóònù, ó sá lọ sílùú àna rẹ̀, ó lo ọdún kan àbọ̀ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, líìnì tí a kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, iléeṣẹ́ fóònù lè tì í pa. Bí oṣù mẹ́fà mìíràn bá tún kọjá, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn. Wọ́n gbé ti Ìjàpá fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Nínú gbogbo ẹranko inú igbó, Ọ̀kẹ́rẹ́! Ẹni tó bí ìbejì tó bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà tó ń kígbe pé kí aráyé wá wo ọmọ òun, títí wọ́n fi wá kó àwọn ọmọ náà tí wọ́n fi wọ́n jẹyán.

Ìjàpá dé, ó gba ilé owó lọ. Èrò tò lọ bí ẹsẹ̀ ìkamùdù, àkáǹtì gbogbo wọn ló tì. Ayékòótọ́ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ìkà o. Ìwọ̀nba gbólóhùn tí wọ́n kọ́ ọ náà ló mọ̀.

"A ti fi kóòdù ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ní."

Lódìkejì odò, Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí kígbe lórí igi: "Ẹ̀yin ará, kóòdù mi ti dé o!" Ìjàpá gbéra. Ẹ mọ ẹsẹ̀ Ìjàpá. Nígbà tó fi máa gbọ́ nọ́ńbà náà tó sì máa padà dé, kóòdù ti kú. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ẹ ti gbìyànjú jù. Ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 24."

Ni Ìjàpá bá bú sórin, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń gbè é:

Ayékòótọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi,
*Kóòdù dà?*
Èmi lọkọ Yánníbo ilé,
*Kóòdù dà?*
Owó èlùbọ́ ń bẹ ní yàrá,
*Kóòdù dà?*
Ẹni mọ̀ mí kó wá jẹ́rìí mi,
*Kóòdù dà, kóòdù dà?*

Lọ́jọ́ kejì, ó mú NIN dání, nọ́ńbà ìdánimọ̀ onídíjíìtì 11 tó forí ti oòrùn gbà ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní ká so líìnì mọ́ NIN, tí gbogbo wa lọ ń fún ara wa pọ̀ lẹ́nu géètì nígbà àrùn kòrónà. Ìjàpá ló wà lórí NIN, Gbogbo Yín ló wà lórí àkáǹtì. Ó lọ búra ní kóòtù, ó tún gbé e sínú ìwé ìròyìn pé Ìjàpá àti Gbogbo Yín, ẹnìkan náà ni. Akọ̀wé kóòtù kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Èmi náà ńkọ́?"

"Ta ni ọ̀rẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ ní?" Ayékòótọ́ ló ń bi í.

Irọ́ ni Ìjàpá kọ síbẹ̀ lọ́jọ́sí. Irọ́ wo ni? Kò rántí.

"Ẹ gbójú sókè. Ẹ yí orí sọ́tùn-ún. Ẹ ṣẹ́jú."

Iná fóònù kọ mànà, Ìjàpá fa orí wọlé. Ayékòótọ́ kò rí ojú kankan. Wọ́n tún un ṣe, orí dúró wàyí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ kò jọ ti inú fọ́tò.

"Mo já bọ́ láti ọ̀run ni! Ẹ̀yìn mi fọ́, wọ́n tò ó pọ̀ ni!"

"Ọ̀rọ̀ yín ṣe pàtàkì sí wa."

Òtítọ́ kan ṣoṣo tí Ìjàpá sọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń pa á lálọ̀ọ́ nìyẹn.

Alágẹmọ jókòó sábẹ́ igi nítòsí, ó kọ ọ́ sára páálí pé òun ń ṣí àkáǹtì tó tì. Ó gba owó iṣẹ́, ó wo fọ́tò àtijọ́ náà, ara rẹ̀ yí, ó ń dán bí àwo tánńganran. Ó yí orí sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́jú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Ayékòótọ́ na ọrùn, ó kí i tohùntohùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ:

"Ẹ káàbọ̀, Gbogbo Yín! Owó yín ti wà nílẹ̀!"

Ẹyẹ wà lórí ìlà. Wọ́n ti gbọ́ orúkọ yìí lọ́run rí, ebi ló sì sùn ti wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn ló kọ́kọ́ fò wọlé. Ẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀ lé wọn, Àgbò tẹ̀ lé e, ìlà dàrú, wọ́n tẹ Alágẹmọ mọ́lẹ̀. Ìjàpá náà ń sáré bọ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ méjì kó débẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn padà dé.

"Kóòdù dà?" ni Ayékòótọ́ wí. Ó wá yíjú sínú ilé, ó ní, "Gbogbo Yín, ìràwọ̀ mélòó nínú márùn-ún lẹ fún iṣẹ́ wa?"

Wọ́n jọ ké e lẹ́ẹ̀kan náà látinú ilé: "Márùn-ún!"