Ebi Wọ Inú, Àpòòwé Náà Wọ̀ Ọ́

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn àgbà kò tíì dé ọjà Pobè, ní orílẹ̀-èdè Benin, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ajíhìnrere bá ru gbohùngbohùn mẹ́rin wá síbẹ̀. Ká ní wọ́n dé ibẹ̀ ni, wọn ì bá kó òwe wọn padà sílé lọ tún rò. Ebi ti wọ inú àwọn èèyàn ọjà náà, ọ̀rọ̀ sì ń wọ̀ ọ́ láti agogo méje àárọ̀: ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ irúgbìn ìgbàgbọ́ wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ owó sìmẹ́ńtì tẹ́ńpìlì tuntun wọ̀ ọ́. Inú kan náà ni o. A ò mọ̀ pé ó gbà tó bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má fi mí pe ọ̀tá ìhìnrere. Ọjọ́ tí wọ́n fún Jésù ní ìwé Àìsáyà kà ní Násárẹ́tì, àwọn òtòṣì ló sọ pé wọ́n rán òun sí. Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó jáde lódindi ní 1884, kò bò ó mọ́lẹ̀: òtòṣì ló wà níbẹ̀. Tálákà tí a yá lọ́wọ́ Hausa ṣì rọ̀ létí. Akúṣẹ̀ẹ́ ṣì ní àánú díẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n òtòṣì, ọmọ ìyá olòṣì ni. Pe ẹnì kan bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà ní Sakété, kí o wò ó bóyá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ máa pé dé ilé. Bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn oníwàásù ìsinsìnyí fi yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu. Wọ́n á wo obìnrin tó ti ń fún epo nínú ẹbu láti ìdájí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n kan orúnkún, wọ́n á pè é ní mílíọ́níà ọ̀la. Gbogbo wa ti di ọlọ́rọ̀ ọ̀la. Kò wá sí òtòṣì kankan mọ́ nílùú tí ìhìnrere máa lọ bá, àfi kí wọ́n yáa máa gba ọrẹ.

Bẹ́ẹ̀, akúṣẹ̀ẹ́ ti dá ìjọ sílẹ̀ rí lágbègbè wa. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni Samuel Bilewu Oschoffa, igi ló wá wọ igbó ní 1947. Ìtàn Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá fúnra rẹ̀ sọ pé oyin àti omi ló jẹ tó mu nínú igbó náà, pé inú ń run ẹni tó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e débẹ̀, àti pé ọwọ́ tó gbé lé e lára ló wò ó sàn. Ẹ kíyè sí i: inú ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ bójú tó, kó tó di pé ìjọ bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ní 29 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán: olówó àti aláìní bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a ò mọ èwo ni èwo. Ẹsẹ̀ ṣì wà lásán títí dòní, mi ò purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo mọ́tò tí àwọn ẹsẹ̀ lásán kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn fadá Kátólíìkì náà gbọ́n tiwọn. Láti ìgbà tí fadá Francesco Borghero ti gúnlẹ̀ sí Ouidah ní 18 oṣù kẹrin 1861, ilé ẹ̀kọ́ àti oògùn ni wọ́n fi ń ṣe ìjẹ. Ìjẹ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹja náà kọ́kọ́ jẹun.

Àwa tí a wà lẹ́bàá ibodè mọ bí ebi ṣe ń wọlé. Ó mọ ọ̀nà ju oníbodè lọ. Ní oṣù kẹjọ 2019 Nàìjíríà ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020. Oníwàásù kan sọ fún wa láàárín ìgbà yẹn pé àjẹ́ ilé bàbá wa ló dí ọ̀nà ọjà. Èmi rò pé Abuja ni. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ epo ti tán, bí kpayo, epo Nàìjíríà tí àwọn ọmọ wa ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì ṣe gbówó lérí nìyẹn, tí owó ọ̀kadà zémìjáǹ gùn ún tẹ̀ lé e. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ní kí oníkálukú wá gbin irúgbìn, nítorí pé ìgbà ìyàn ni Ísáákì fúnrúgbìn. Àgbẹ̀ ni wá ní Sakété. Ẹni tó bá gbin àgbàdo mọ ibi tó gbìn ín sí, ó lè mú ọ lọ wò ó. Irúgbìn yìí nìkan ni mo mọ̀ tí ẹni tó gbìn ín kì í fojú kan oko.

Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pobè láti 1922. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀, mi ò tíì gbọ́ pé onímọ̀ kan dúró ti ọ̀pẹ kékeré tí ọ̀dá mú, tó ń kígbe mọ́ ọn pé kó kọ́kọ́ mú ẹyìn wá kí òjò tó rọ̀.

Àwọn Mùsùlùmí ilé wa kò sì ní gbohùngbohùn nídìí sàráà. Wọ́n á pín àkàrà, wọ́n á pín ẹ̀bà, ọmọdé á nu ẹnu, lẹ́yìn náà ni àdúrà á bẹ̀rẹ̀. Àmín tó máa ń jáde níbẹ̀, ó máa ń ki.

Mo ti rò ó títí, mo wá rí i pé àwa la ń ṣi òwe náà lò. Inú ẹni tó ń gbọ́rọ̀ la ń wò ṣáá. Ẹ yíjú sí inú ẹni tó ń sọ ọ́. Ebi ilẹ̀, ebi mọ́tò onídígí dúdú, ebi gbohùngbohùn tó máa ké ju ti ìjọ òdìkejì lọ, ó ti wọ inú ibẹ̀ tipẹ́. Kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àní ọ̀rọ̀ ẹni tó rán an níṣẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan báyìí, mo jókòó nídìí ìyá alákàsà. Nígbà tí oòrùn mú, àwọn ọ̀gá ajíhìnrere lọ jẹun nílé ẹni tó gbà wọ́n lálejò, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin kan sílẹ̀ kó máa ṣọ́ jẹnẹrétọ̀. Ó rọra rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ohùn rẹ̀ ti há.

"Ẹ kú ọjà, màmá. Jésù fẹ́ràn yín."

Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ńkọ́, ta ló fẹ́ràn rẹ níbi tí wọ́n fi ọ́ sí yẹn? Jókòó."

Ó tú àkàsà mẹ́ta fún un, ó gbé ẹja díndín kan lé e pẹ̀lú ata. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ewé. Ìyá ní, "Ó yá, kí lẹ ti ń wí láti àárọ̀? Ariwo yín kò jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Ọmọ náà nu ọwọ́, ó tọwọ́ bọ àpò. Mo rò pé owó oúnjẹ ló fẹ́ san. Àpòòwé ìdámẹ́wàá ló mú jáde, pẹ̀lú bíírò, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ìyá.

Ìyá kò gbà á. "Èmi ò mọ̀wé. Kọ ọ́ síbẹ̀ fún mi: àkàsà mẹ́ta, ẹja kan, 400 fránkì. Orúkọ tìrẹ ni kí o kọ sí i o, kì í ṣe tèmi."