Lẹ́ńsì Tó Ń Wo Ẹ̀yìn

"Fọ́tò, ṣé etí mi ni mo pè ọ́ wá yà ni?"

Ìyá ìyàwó ló ń bi mí bẹ́ẹ̀, ìka wọn wà lórí àwòrán. Wọn ò parọ́. Yẹtí wúrà wọn ń kọ mànà, o lè ka ìlẹ̀kẹ̀ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tí wọ́n sanwó mékọ́ọ̀pù lé lórí ló ń ṣe bàìbàì. Mo ní kí wọ́n má bínú, mo ní iná gbọ̀ngàn ni kò dáa. Iná dáa o.

Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 tòkunbọ̀ mi ló ń wo ẹ̀yìn ohun tí mo bá ní kó wò. Kámẹ́rà onídígí bíi tèmi, ojú méjì ló ní. Dígí kékeré kan ń darí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ojú kan ti ń wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó. Sẹ́ńsọ̀ tó ń ya fọ́tò gan-an wà lẹ́yìn. Bí àwọn méjèèjì ò bá ti fohùn ṣọ̀kan, wàhálà dé. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà Nikon mi fi ní AF Fine-Tune, ibi tí mo ti lè tún fókọ́ọ̀sì ṣe, láti −20 dé +20.

Àlàyé tí mo kà nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é yé mi dáadáa. Kí kámẹ́rà dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ohun tó fẹ́ wò dúró gbọnran níwájú rẹ̀, kí rúlà dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kí lẹ́ńsì ṣí dé f/1.8, kí àlàfo tó mítà méjì ààbọ̀. Nínú yàrá wo? Bẹ́ẹ̀dì ló gba gbogbo ẹ̀. Mo bá gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta lé fóòmù, mo yá téèpù ìyàwó mi tó jẹ́ télọ̀, mo tẹ́ ẹ sórí páálí Indomie. Bí mo bá mí, fóòmù á mì. Bí fáànù bá yíjú sí wa, téèpù á fò. Nọ́ńbà tí mo bá ṣáà ti rí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Nígbà tí fókọ́ọ̀sì ń bọ́ sẹ́yìn, àyọkúrò ló yẹ kí n tẹ̀ kó lè sún wá síwájú. Èmi rò pé ohun tí kò bá tó, àfikún ni wọ́n ń ṣe fún un. Mo tẹ +15, ó di òde ìsọmọlórúkọ. Bàbá ọmọ, bàìbàì. Ọmọ, bàìbàì. Lẹ́yìn wọn, bàbá kan ń fi eyín fa ẹran ewúrẹ́ ya, o lè rí iṣan ẹran náà ní fọ́nrán-fọ́nrán. Wọ́n bi ara wọn léèrè pé ta nìyí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo-gbọ́-mo-yà ni!

Nígbà tí ìyàwó mi wá téèpù rẹ̀ wọ yàrá, ó wò mí lórí bẹ́ẹ̀dì títí. "Bàbá Tóyìn, níbo lẹ ti rí i tí wọ́n ń wọn aṣọ fún ẹni tó ń jó?" Òun ló ní kí n gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí kọ́rídọ̀, orí sìmẹ́ńtì. Mo pa fáànù, mo jẹ́ kí kámẹ́rà máa ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó tó yà, mo sì fi èyí tí mo yà ní Live View, tó ń ti ara sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ wá fókọ́ọ̀sì, ṣe òṣùwọ̀n. Ó já sí −7.

Mo-gbọ́-mo-yà náà ti gbọ́ pé fọ́tò òun mú dáadáa. Ó ránṣẹ́ pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, pẹ̀lú férémù. Mo ti sọ iye owó fún un.