Wọ́n Da Omi Síwájú, Wọ́n Ní Kó Gbóná

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Òdodo ni, àmọ́ àwọn tó pa òwe yìí kò dé Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù kẹrin rí. Ẹni tó bá da omi síwájú níbẹ̀ á tẹ ilẹ̀ tútù lóòótọ́, òtútù ọ̀hún á gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú egungun, olúwarẹ̀ á sì máa béèrè irú àgbà tó ń pa irú òwe bẹ́ẹ̀.

Kent àti Essex ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń kó lọ tí wọ́n bá ti kúrò ní Peckham àti Woolwich, kí àwọn náà lè ní ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú wọn ni mo fẹ́ máa pè ní Bọ̀dá Adágún. Irú wọn ju ẹyọ kan lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè mí lórí fóònù. Ilé tí Bọ̀dá rà ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn: mítà 8 ní gígùn, mítà 4 ní ìbú, mítà 1.5 ní jíjìn. Bọ̀dá kò mọ̀wẹ̀. Ìyàwó wọn kò mọ̀wẹ̀. Àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n fóònù kì í wọmi.

Omi náà wà lálàáfíà títí Bọ̀dá fi ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Aṣọ ẹbí, léèsì, gèlè tó ga ju ọgbà lọ, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú kúlà. Kò sẹ́ni tó wọmi. Ta ló fẹ́ ba léèsì jẹ́? Àǹtí kan ló na ìka kan sí i, tó fà á padà wéré, tó ní, "Yéè! Omi yìí mà tutù o." Gbólóhùn kan péré. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ló ná Bọ̀dá.

Bí wọ́n ṣe ra heat pump nìyẹn. Ẹ wo àpótí AC tó wà lẹ́yìn ògiri ní Èkó, tó máa ń fẹ́ ooru sí ẹni tó bá ń kọjá: ooru inú yàrá ló ń kó síta. Òdìkejì rẹ̀ ni heat pump ń ṣe. Ooru tó wà nínú afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà, ó ń kó o sínú omi, ó sì ń fẹ́ atẹ́gùn tútù dànù. Kì í ṣe idán. Lord Kelvin ti ṣàlàyé ọgbọ́n yìí láti 1852. Fáànù á fa afẹ́fẹ́ gba ara páìpù tí gáàsì wà nínú rẹ̀, kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á fún gáàsì náà pọ̀ títí á fi gbóná, gáàsì á wá fi ooru rẹ̀ lé omi lọ́wọ́ nínú páìpù titanium, nítorí kílórínì á jẹ bàbà run. Lọ́jọ́ tí ìta bá tó ìwọ̀n 15 Celsius, yúníìtì iná 1 lè mú ooru yúníìtì 5 wá. Èmi ò rí ẹ̀gàn kankan nínú ẹ̀rọ yìí.

Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún, òjò kò ṣe é ní nǹkan kan. Orí kọnkéré tó tẹ́jú ni wọ́n ń gbé e lé, kí ẹ̀yìn rẹ̀ má fara ti ògiri, kí iwájú tó ń fẹ́ atẹ́gùn sì ṣófo. Ọmọ wa tó wá so ó pọ̀ sọ gbogbo èyí. Bọ̀dá wo ẹ̀rọ, wọ́n wo owó tí wọ́n san, wọ́n rántí Èkó.

"Níta? Kí olè wá gbé e?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìta ni àyè rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í mọ́lé, atẹ́gùn tútù tó fẹ́ jáde náà ló máa tún fà símú."

"Jẹnẹrétọ̀ mi ní Èkó, ọdún mélòó ló ti wà nínú ilé tí mo kọ́ fún un? Gbé e síbẹ̀ jàre."

Wọ́n kan ilé pákó fún un, ó ní ilẹ̀kùn, ó ní àgádágodo. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í mí èémí ara rẹ̀. Inú ilé pákó tutù ju ìta lọ, yìnyín funfun bo àwọn irin pẹlẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀rọ á dúró kí yìnyín yọ́, á tún ṣiṣẹ́ díẹ̀, á tún dúró. Mítà iná nìkan ni kò dúró.

Àwọn àgbà tó pa òwe yẹn mọ ibi tí ẹsẹ̀ máa gbà kí wọ́n tó gbé omi. Tiwa ni ká da omi tán ká tó béèrè ọ̀nà. Omi adágún yẹn tó 48,000 lítà. Kó tó fi ìwọ̀n 1 péré gbóná sí i, yóò gba ooru bíi yúníìtì 56. Láti 12 dé 28, ó kù díẹ̀ kó tó 900. Ẹ̀rọ tó ń mú ooru kìlówáàtì 12 wá á ṣiṣẹ́ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, tọ̀sán-tòru, ìyẹn tí ooru kankan kò bá sá lọ. Àárọ̀ Sátidé ni Bọ̀dá tan tiwọn. Aago méjì ni àlejò ń bọ̀.

Ooru sì ń sá. Ojú omi ló ń gbà lọ jù, pàápàá lóru. Ìbòrí oníke tí wọ́n ń tẹ́ sójú omi lálẹ́ ni oògùn rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀rọ.

"Dáddì, ẹ jẹ́ ká ra èyí tí wọ́n fi ń bò ó."

"Ká bò ó kẹ̀? Ta ló máa wá rí i?"

Láàárọ̀ kùtù, èéfín funfun ń rú lójú omi. Bọ̀dá yà á ní fídíò, wọ́n fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n jọ kàwé: "Ẹ wo bó ṣe ń gbóná!" Gbogbo ẹgbẹ́ kí wọn kú oríire. Owó iná wọn ni wọ́n ń wò tó ń gòkè re ọ̀run.

Nígbà tí wọ́n gbà láti gbé ẹ̀rọ jáde, abẹ́ fèrèsé yàrá òyìnbó aládùúgbò wọn ni wọ́n gbé e sí, nítorí ibẹ̀ ni kò ti ní í hàn nínú fọ́tò. Òfin ààbò àyíká ti 1990 fún káńsù láṣẹ láti fi ìwé dá ariwo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró, òyìnbó náà sì mọ nọ́ńbà káńsù lórí.

Ní báyìí, Bọ̀dá ń kọ́lé sí Lẹ́kí, adágún wà níbẹ̀ náà. Wọ́n pe ọmọ wa pé kó bá àwọn wá heat pump kan tí yóò wọ kọ̀ntẹ́nà oṣù tó ń bọ̀.

"Lẹ́kí, ẹ̀gbọ́n? Oòrùn ibẹ̀ ńkọ́?"

"Oòrùn kì í ràn lálẹ́."

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. "Jẹnẹrétọ̀ yín, KVA mélòó ni?"

"Méjì ni mo fẹ́ rà. Ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún adágún."