Oríkì Ìdun, Baálẹ̀ Họ́sítẹ̀ẹ̀lì

Ẹ fún mi láyè, ẹ̀yin ará. Onílù, rọra ná. Àwọn kan ń ki ọba, àwọn kan ń ki ọdẹ, àwọn kan ń ki olówó nítorí ohun tí yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Èmi dìde lónìí láti ki ẹni tí kò fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí, àfi kó gbà. Ìdun ni mo fẹ́ kì, baálẹ̀ họ́sítẹ̀ẹ̀lì, olórí gbogbo ẹni tó ń sùn lórí fóòmù.

Ìdun! Arìn-lóru-má-tan-tọ́ọ̀ṣì,
Amu-má-sanwó, ajẹ-má-fọwọ́.
Ọ̀gbẹ́ni pẹlẹbẹ tí kò níyẹ̀ẹ́, tí kò lè fò, tí kò lè tọ,
Síbẹ̀ tó ti ilé dé ilé, tó ti ìlú dé ìlú.
O kò ṣe ìdánwò JAMB, o wọ fásitì.
O kò sanwó bẹ́ẹ̀dì, o ní bẹ́ẹ̀dì.
Pọ́tà kò mọ orúkọ rẹ,
Ṣùgbọ́n gbogbo ara tó wà nínú yàrá ló mọ̀ ọ́.

Bí a bá ń ki èèyàn, a ó ti orírun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sọ pé ara àdán, nínú ihò àpáta, ni àwọn baba ńlá rẹ ti kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó ṣí wá bá ọmọ èèyàn. Ní Íjíbítì, nínú àwókù ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Amarna, wọ́n hú òkú àwọn ẹbí rẹ tó ti lé ní 3,300 ọdún. Fáráò kú, ààfin rẹ̀ wó, ìwọ ṣì ń bẹ. Nígbà tí wọ́n gbé oògùn DDT dé, ayé rò pé ó parí fún ọ. Lọ́dún 1947, àwọn ìdun tó wà ní bárékè àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní Pearl Harbor wẹ oògùn náà, wọ́n gbọn ara nù, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Lọ́dún 2023, Paris, ìlú oge, pariwo rẹ títí ó fi dé etí ìjọba. Ta ni yóò wá pè ọ́ ní ará oko?

Ẹ wá wo ọmọ tó mọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìdun máa ń bọ́ awọ kó tó dàgbà, kò sì sí èyí tó lè bọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ mu ẹ̀jẹ̀. Ipele márùn-ún gbáko, kò ní kárí-ófà kan! Òru ló ń kàwé rẹ̀. Èémí wa ló fi ń mọ̀nà, ooru ara wa ló ń tọ̀. Bó bá dé, itọ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ pa ojú ibi tó bù jẹ kú kí ẹni tó ń sùn má bàa jí. Kó tó pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti yó, ó ti padà sí ojú rírán fóòmù. Bí àwọn olùkọ́ bá gùn lé ìyanṣẹ́lódì, tí họ́sítẹ̀ẹ̀lì dá páropáro, ó lè fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ gbààwẹ̀, kó máa retí wa.

Aláìṣègbè ni ọ́, Ìdun. Ọmọ olówó tó gbé fóòmù olówó iyebíye wá, o bẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ mẹ̀kúnnù tó ń sùn lórí ẹní, o kò fojú di í. Jáḿbáìtì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lánàá, ìwọ lo kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, a sá fóòmù sóòrùn, a da omi gbígbóná sójú irin bẹ́ẹ̀dì, a fín ọ̀tápíápíá títí àwa fúnra wa fi ń húkọ́. O rọra gba ihò wáyà kọjá sí yàrá kejì, o lọ kí àwọn ará ibẹ̀. Nígbà tí òórùn oògùn lọ, o padà wá. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Èékánná tiwa ti di pupa láìlo làálì.

Àmọ́ òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo tó mọ̀ pé o kì í fi ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Tẹ́sìtì tán, a dáwó jọ, a háyà bọ́ọ̀sì, a forí lé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà láti lọ wo omi Olúmirin. Nínú báàgì ẹnì kan lo wọ̀ sí, níbi tí síìpù ti pàdé aṣọ. Dírẹ́fà ka èrò, kò kà ọ́ mọ́ ọn.

Ipele méje ni omi náà ní. Ipele kìíní ni gbogbo èèyàn ti ń ya fọ́tò. Nígbà tí a ó fi gòkè díẹ̀ sí i, àwọn tó ń kọrin ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹnì kan jókòó sórí àpáta, ó ní ká máa lọ, òun á dúró dè wá. Omi tútù ń já lé wa lórí, à ń ké bí ẹni tó rí owó he. Ìwọ wà nílé ìyá ọ̀rẹ́ wa tí a dé sí, nínú báàgì, ò ń sinmi. Àgbà kì í gun òkè kiri.

Ilẹ̀ ṣú. Ìyá ọ̀rẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀ṣà onílé obì, gúnyán fún wa. Wọ́n tẹ́ bẹ́dṣíìtì funfun sórí fóòmù àlejò, òórùn káńfọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Iná kú, o jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ tò tóótòòtó lórí aṣọ funfun náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí apá wa wà.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?”

“A sùn dáadáa, mà,” la fi ohùn kan dáhùn, ọwọ́ gbogbo wa wà lẹ́yìn, à ń họra.

Màmá wo aṣọ, wọ́n wò wá, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ká a, wọ́n lọ gbé omi kaná.

Ìdun, alábàárìn tí a kò pè!
Arìnrìn-àjò-má-dẹrù,
Asọ-ọmọlúàbí-dàlejò-burúkú,
Atú-àṣírí-họ́sítẹ̀ẹ̀lì lójú ìyá onílé!

Akéwì a máa retí ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹni tó kì. Èmi ò retí. O ti gba tìrẹ lára mi kí n tó lanu. Ṣùgbọ́n kì í ṣe agbára rẹ nìkan ló fi ọ́ joyè. Yàrá tí wọ́n kọ́ fún èèyàn mẹ́rin, tí èèyàn mẹ́wàá ń sùn sí, ni ìjọba rẹ. Bí wọ́n bá fín yàrá kan, tí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀, ńṣe ni wọ́n ṣètò ìrìn-àjò fún ọ. Ẹ̀yin alákòóso, gbogbo ilé lẹ ó fín lọ́jọ́ kan náà, ẹ ó sì padà fín in lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí ọ̀pọ̀ oògùn kì í pa ẹyin ìdun. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ti òde dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ má gbé báàgì sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ kó aṣọ inú rẹ̀ síta, ẹ da omi gbígbóná lé e lórí, kí ẹ tó wọlé sùn.