Bedford Mi àti Ọ̀dà Pupa

Ní ayé ìgbà tí bọ́lẹ̀kájà ṣì ń rọ́ gìrìgìrì gba oríta Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá, tí èyí ń yà sí Ọ̀ffà, tí èyí ń forí lé Òmù-Àrán, kò sí ọkọ̀ tí ó gbayì lójú mi bí Bedford, akérùpọ̀-má-kérora, ọmọ Dunstable nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn káfíńtà wa máa ń fi pákó kan ilé lé lẹ́yìn. Nítorí náà, nígbà tí ọwọ́ mi tẹ ògbólógbòó kan lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di irin àlòkù, mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún ní ọ̀dà pupa láti orí títí dé ibi tí ọ̀dà kò ní iṣẹ́ kankan í ṣe.

Láti ìgbà náà ni bátìrì rẹ̀ ti ń kú mọ́ mi lọ́wọ́. Iná pupa kékeré kan wà níwájú awakọ̀, tí ó yẹ kí ó kú bí ẹ́ńjìnì bá ti ń sáré, nítorí pé kíkú rẹ̀ ni ẹ̀rí pé dáínámò ń bọ́ bátìrì. Tèmi kì í kú. Bí mo bá ṣe ń tẹ ọkọ̀ tó ni ó ń pọ́n tó, èmi ọ̀gbẹ́ni sì ń fi han àwọn èrò pé, “Ẹ wo iná bí ó ti ń ṣiṣẹ́!”

Mo ra bátìrì tuntun. Òun náà kú. Mo fa fáńbẹ́ẹ̀tì le títí ó fi ń han gooro. Mo tú dáínámò, mo pààrọ̀ èédú inú rẹ̀, nígbà tí mo sì dè é padà tán, ìdè kan ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, mo sì rọra jù ú sínú àpò. Mo tilẹ̀ fura sí aládùúgbò mi kan tí kì í jẹ́ mi bí mo bá kí i. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, etí ni kò gbọ́ràn.

Òru ọjọ́ kan tí a ń kó iṣu bọ̀ láti Òmù-Àrán, iná iwájú di ti tanná-tanná, ẹ́ńjìnì sì dákẹ́. Gbogbo èrò bọ́ sílẹ̀ wá tì í. Ìyá oníṣu kan wò mí tìkà-tẹ̀gbin, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo sanwó ọkọ̀ fún ọ ni, àbí ìwọ ni yóò sanwó iṣẹ́ fún mi?”

Bàbá onírìwáyà kan ní Àjàṣẹ́ ni ó gbà mí. Ó ní bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí agbára ẹnu bátìrì tó nǹkan bí 14 fólítì. Tèmi kò tó 12, bẹ́ẹ̀ dáínámò ń pèsè iná bí ẹni pé kò ní olùdarí. Ó wo àpótí kékeré tí ń ṣe adènà láàrin àwọn méjèèjì, ó sì yíjú sí mi.

“Ta ló kun ọkọ̀ yìí?”

“Èmi ni, Bàbá.”

Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àpótí náà kò lè ṣílẹ̀kùn fún iná àfi bí wáyà rẹ̀ kan bá fara kan irin ara ọkọ̀, èmi sì ti fi ọ̀dà lá ojú irin náà kí n tó de wáyà mọ́ ọn. Bàbá fi ọ̀bẹ fá a, ó de wáyà padà, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́; iná pupa náà kú fin-ín.

Mo bi í pé èló ni n ó san. Ó ní òun kò gba owó; kí n ṣáà lọ gbé agolo ọ̀dà tí ó ṣẹ́kù nílé mi wá, òun yóò fi kun ilẹ̀kùn òun, kí n má baà tún rí i lò.