Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà, Àfi Ọjà Yunifásítì

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó ti Bẹẹrẹ gun òkè Màpó wá, ẹni tó ti Mọ́lété wá, kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn á ti pàdé nídìí ata l'Ọjàaba n'Ìbàdàn. Ẹni tí wọ́n bá dí ọ̀nà mọ́, á kàn yà gba kọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà tó pa òwe yìí kò tíì rí pọ́tàlì yunifásítì ni.

Láyé àtijọ́, ọ̀nà pọ̀ tó wọ ọjà ìmọ̀. Pátákó ìkéde wà lára ògiri, wíńdò bọ́sárì wà, ilẹ̀kùn lẹ́kítọ́rà ṣeé kàn, mẹ́séńjà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ sì mọ ibi tí fáìlì gbogbo wà. Ẹni tí kò lè wá rárá, ìwé ń bá a nílé: láti 1974 ni Yunifásítì Èkó ti dá ẹ̀ka tó ń fi lẹ́tà kọ́ni sílẹ̀. Lónìí, ẹ béèrè ohunkóhun, èsì kan náà ni: “Ẹ lọ wo pọ́tàlì.”

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò mi wọlé tọ̀ mí wá láago mọ́kànlá alẹ́, fóònù lọ́wọ́, omijé lójú.

“Dádì, ẹ gbà mí. Aago méjìlá ni wọ́n ń ti pọ́tàlì.”

“Ìgbà wo ni wọ́n ti ṣí i?”

“Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sà.”

Mo gbé ìbáwí mì, mo ní kó gbé fóònù wá. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù. Pọ́tàlì ní irọ́ ni. A ní a ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù. Pọ́tàlì ní kò burú, òun ti fi òmíràn ránṣẹ́ sí ímeèlì tí yunifásítì fún un. Ímeèlì ọ̀hún náà, pásíwọ́ọ̀dù tí a gbàgbé yẹn ló ń ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú ilé, ilé wà ní títì, onílé wà níta nínú òjò.

Aago méjìlá lù, wọ́n tì í. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, wọ́n kéde pé àwọn ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kún un. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ̀ pé wọ́n á fi kún un, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í tètè lọ.

Ọmọ náà gba ọgbà yunifásítì lọ. Pọ́tàlì ló yẹ kó pa ìlà rẹ́. Ó pa á lóòótọ́, ó wá sin òkú rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn ICT, nítorí ìlà ibẹ̀ gùn dé abẹ́ igi máńgòrò. ICT ní owó ilé ìwé rẹ̀ kò hàn, kó lọ rí bọ́sárì. Bọ́sárì ní owó ti wọlé, kó lọ wo pọ́tàlì. Pọ́tàlì ní kó lọ rí ICT.

Ọjọ́ tó wá wọlé tán, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Pọ́tàlì ní kó tẹ kọ́ọ̀sì fọ́ọ̀mù jáde ní ẹ̀dà mẹ́rin, kí àdífáísà fọwọ́ sí i, kí ọ̀gá ẹ̀ka fọwọ́ sí i, kí díìnì fọwọ́ sí i, kó wá kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì, kó gbé e padà wá sí ọ́fíìsì. A gba ojú ọ̀run lọ sílé kejì.

Kí ló tilẹ̀ wà nínú ọjà ọ̀hún? Nóòtì lẹ́kítọ́rà ni: fọ́tò ìwé àtijọ́ kan, ojú ewé kẹta dorí kodò, àtàǹpàkò ẹni tó yà á sì hàn létí ìwé. Níbi tí wọ́n ní kí wọ́n ti jíròrò, akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ “Present, sir”, òmíràn kọ “Present, sir”, títí dé ìsàlẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan kan. Ẹni tó kọ́ géètì sẹ́nu pápá tó ṣófo, ṣé ó dá ọjà sílẹ̀ ni?

N kò bú ẹni tó la ọ̀nà. Ọmọ Australia kan, Martin Dougiamas, ló ṣe Moodle, pọ́tàlì ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń lò káàkiri ayé. Ọdún 2002 ló gbé e jáde. Inú aṣálẹ̀ ló dàgbà sí, níbi tó jẹ́ pé orí rédíò ni tíṣà ti ń kọ́ ọmọdé níwèé. Ẹni tí kò lọ́nà ló la ọ̀nà. Àwa tó lọ́nà márùn-ún la gba tirẹ̀, tí a sì fi dí mẹ́rin tó kù.

Ẹ sì wo Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ààrẹ wa tẹ́lẹ̀. Ìjọba ológun ti yunifásítì ẹ̀kọ́ àtòkèèrè ti ìjọba àpapọ̀, NOUN, pa ní 1984. Òun ló jí i dìde ní 2001. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 2018, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ọ̀nà tó là. Ọ̀gá yunifásítì mélòó ló ti wọ pọ́tàlì ara rẹ̀ lóru, pẹ̀lú dátà igba náírà?

Àwọn àgbà kò purọ́ ṣá o. Ọ̀nà kejì wà: oníkafé tó wà níwájú géètì ló jẹ́ kí ọmọ náà rí ọ̀nà wọlé. Pásíwọ́ọ̀dù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kún inú ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ prínńtà rẹ̀. Ó ń bá wọn forúkọ sílẹ̀, ó ń bá àwọn mìíràn ṣe àsáínmẹ́ńtì. Mo bi í pé kọ́ọ̀sì wo ló kà.

“Mi ò tíì wọlé, sà. JAMB ni mo ṣì ń ṣe.”

Ẹ̀yin aláṣẹ, a ò ní kẹ́ ẹ wó pọ́tàlì. Ẹ ṣí wíńdò kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi èèyàn tó létí jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ kìíní ni kẹ́ ẹ wọlé, kẹ́ ẹ sì lọ gba pásíwọ́ọ̀dù yín lọ́wọ́ oníkafé. Ọjà tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ni ín.