Tòmátì Aràrá Nínú Ilé Ọ̀rá

Ẹni tó bá gbin tòmátì sí Òmù-Àrán nígbà ọyẹ́, omi ló yẹ kó máa dà á láàmú. Ní ti akọ̀wé kan níbẹ̀, òtútù ló ń bà á lẹ́rù. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ewúro ẹ̀yìnkùlé nìkan ló ti gbìn rí. Ó wá ka ìwé àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe ń gbin tòmátì aràrá sínú ilé onídígí nígbà òtútù. Wọ́n ní kí èèyàn dí gbogbo ihò kí ooru má bàa jáde. Ó ra ọ̀rá fífẹ̀, ó pe káfíńtà, ó ní kó fi kọ́lé, kó sì dí gbogbo ihò. Káfíńtà wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Ó dá a lóhùn pé afẹ́fẹ́ gan-an ni àwọn ń sá fún. Káfíńtà gba owó rẹ̀, ó dákẹ́.

Kí á má purọ́, irúgbìn tó yàn kò lẹ́bi. Ní 1989 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Florida gbé Micro-Tom jáde, igi tòmátì tí kì í sábà ga ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, tó lè so nínú ike. Ní 2005, Craig LeHoullier ní ìpínlẹ̀ North Carolina àti Patrina Nuske Small ní Ọsirélíà bẹ̀rẹ̀ sí í da tòmátì kúkúrú pọ̀ mọ́ àwọn tòmátì gíga àtijọ́ tó dùn lẹ́nu, kí ẹni tí kò nílẹ̀ lè rí tòmátì gidi ká nínú ìkòkò. Bí òtútù bá ti mú ní Amẹ́ríkà, ìgbà ooru ti dé Ọsirélíà nìyẹn; wọn a máa fi irúgbìn ránṣẹ́ síra wọn, ọdún kan a sì fún wọn ní ìran méjì. Ó ju 100 irú tòmátì lọ tó ti jáde látinú iṣẹ́ yẹn. Ẹ wo gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú irúgbìn bíńtín, kó tó wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó rò pé ìgbẹ́ adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ló lágbára jù.

Tíṣà bu ìgbẹ́ náà sínú àpò ìrẹsì tó fi ṣe ìkòkò, kò là á. Gbòǹgbò jóná. Èyí tó yè nínú wọn ń yọ ewé ṣáá, nítorí náítírójìn tó pọ̀ jù kì í jẹ́ kí igi ráyè òdòdó. Ewé náà dúdú minimini, àwọn àlejò ń kan sáárá sí Tíṣà, òun náà sì ń gbà á. Àwọn àgbẹ̀ ìlú a máa kó ìgbẹ́ adìẹ jọ kó jẹrà, kí ooru inú rẹ̀ lọ, kí wọ́n tó fi kan ìdí igi. Kò bi wọ́n.

Nígbà tí òdòdó wá yọ, ńṣe ló ń rẹ̀ dànù. Bí ọ̀sán bá ti kọjá ìwọ̀n 32 lórí Celsius, tí òru náà kọ̀ tí kò tutù, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tòmátì kì í wúlò mọ́. Nínú ọ̀rá tí wọ́n dí pa lábẹ́ oòrùn Ìgbómìnà, ooru lè kọjá 40 lọ́sàn-án gangan. Àwọn igi náà dúró, wọn kò so, wọn kò kú, bí ère Èsìẹ́. Ère Èsìẹ́ tilẹ̀ sàn jù wọ́n lọ: wọ́n lé ní 1,000, wọ́n sì kọ́lé fún wọn ní 1945, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò wọ́n.

Ìyá Aláta, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, ló ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó fò sẹ́yìn.

"Tíṣà! Kí lẹ ń yan níbí?"

"Òtútù ni mò ń lé, Ìyá."

"Òtútù wo? Òtútù òru yìí gan-an ni tòmátì ń fẹ́. Ṣé inú ọ̀rá ni àwọn Hausa ń gbin èyí tí wọ́n ń kó wá bá wa ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ní Kadawa, ìpínlẹ̀ Kano, gbangba oko ni wọ́n ń gbìn ín sí nígbà ọyẹ́, tí wọ́n á fa omi sí i. Ilé dígí àwọn ará Holland wà fún ilẹ̀ tí oòrùn kì í tó nígbà òtútù. Níhìn-ín, òjò àti kòkòrò lèèyàn ń sá fún: ọ̀rá lókè kí òjò má ba ewé jẹ́, nẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Tíṣà fi ọ̀bẹ ìdáná gé ọ̀rá tó fowó rà.

Afẹ́fẹ́ wọlé, síbẹ̀ ó ku nǹkan. Akọ àti abo wà nínú òdòdó tòmátì kan náà, àmọ́ nǹkan gbọ́dọ̀ mì ín kí lẹ́búlẹ́bú tó bọ́. Lóko, afẹ́fẹ́ àti oyin ló ń ṣe é. Ní Holland àti Belgium, láti ìparí àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ra oyin ńlá onírun sínú ilé dígí fún iṣẹ́ yìí. Kó tó dìgbà náà, òṣìṣẹ́ ló ń ti ìdí igi kan bọ́ sí òmíràn, tó ń fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n. Ìyá Aláta fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, ó ní kí Tíṣà máa fi kan ọrùn òdòdó láràárọ̀, jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò yọjú lórí ògiri, wọ́n sáré lọ sọ fún ìyá wọn pé Tíṣà kò tíì fi ẹgba sílẹ̀ o, òdòdó ló ń nà báyìí.

Wàhálà tó kù, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wọlé. Ó ra èhù létí ọ̀nà láti fi rọ́pò àwọn tí ìgbẹ́ adìẹ pa, kò sì yẹ ewé wọn wò. Ojú ọ̀nà funfun wẹ́wẹ́ ti wà lára wọn, ìdin Tuta absoluta ti ń jẹun nínú. Gúúsù Amẹ́ríkà ni labalábá kékeré aláwọ̀ eérú yìí ti wá. Ó dé Sípéènì ní 2006, ó dé Nàìjíríà ní 2015. Ní oṣù karùn-ún 2016, ìjọba ìpínlẹ̀ Kaduna kéde pàjáwìrì lórí tòmátì, ilé iṣẹ́ Dangote ní Kadawa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lọ́dún náà dáwọ́ dúró torí kò rí tòmátì lọ̀, àwọn èèyàn sì sọ kòkòrò náà ní Èbólà tòmátì. Nẹ́ẹ̀tì tí ihò rẹ̀ kéré lè dá a dúró níta. Ti Tíṣà ti wà nínú ilé kó tó kan nẹ́ẹ̀tì, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Díẹ̀ ṣẹ́kù tó so. Ó wá lọ sìnkú àna rẹ̀ ní Èsìẹ́, kò fẹnikẹ́ni ti omi, ó dé, ó da omi lé wọn lórí bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì. Ìdí èso di dúdú. Omi ló ń gbé calcium dé inú èso. Bí omi bá ń wá tó ń lọ, ìdí èso ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Èèpo ẹyin tó lọ̀ sídìí wọn kò lè yára jẹrà tó láti gbà wọ́n.

Ohun tó rí ká kò kún agolo mílíìkì. Ìyá Aláta tọ́ ọ wò, ó ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ta ni èyí fẹ́ sè?" Ojú rẹ̀ kò sí lára tòmátì mọ́, ilé ọ̀rá ló ń wò. Ata tí wọ́n ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lákòókò ọyẹ́ a máa kún fún eruku, ewúrẹ́ a sì máa rìn lórí rẹ̀. Èyí tó wà lábẹ́ ọ̀rá, tí afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ń tètè gbẹ, iyanrìn kì í sí nínú rẹ̀. Ata Ìyá Aláta ló wà níbẹ̀ báyìí, àti iṣu tó fẹ́ fi ṣe èlùbọ́. Kò san owó ilé.